Àyẹ̀wò ààrò ẹ̀pà pẹ̀lú bakitéríà tí kì í pa ènìyàn lára

Iṣẹ́ tí yàrá àyẹ̀wò aládàáni kan ní Ìbàdàn ṣe fún iléeṣẹ́ ẹ̀pà wa ní Mọ́níyà tẹ́ mi lọ́rùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun méjì wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí wọ́n tún ṣe. Oníbàárà kan tí ó fẹ́ máa ra bọ́tà ẹ̀pà wa ló béèrè ẹ̀rí pé ooru ààrò wa lágbára tó láti pa Salmonella, bakitéríà tí ń ti inú oúnjẹ dá àìsàn sílẹ̀. Ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ kò sí nínú kí a kàn bu ẹ̀pà yíyan díẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, nítorí bí wọn kò bá rí kòkòrò kankan nínú ohun tí a bù, ó lè jẹ́ pé kò sí níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe pé ooru ló pa á.

Ohun tí ó tọ́ ni kí a mọ̀ọ́mọ̀ fi kòkòrò sára ẹ̀pà, kí a yan án, kí a sì ka iye tí ó yè. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ gbé ojúlówó Salmonella wọ ibi tí a ti ń ṣe oúnjẹ, nítorí bí ó bá há sí kọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, ó lè pẹ́ níbẹ̀ gan-an, kódà níbi gbígbẹ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo aṣojú, ìyẹn bakitéríà mìíràn tí kì í pa ènìyàn lára, tí wọ́n ń fi rọ́pò rẹ̀ nínú àyẹ̀wò. Èyí tí wọ́n gbé wá fún wa ni Enterococcus faecium NRRL B-2354, tí àwọn tó ń ṣe álímọ́ńdì ní California ti ń fi dán ẹ̀rọ wọn wò. Salmonella orí álímọ́ńdì tútù ti dá àìsàn sílẹ̀ ní 2001 àti 2004, láti 2007 ni ó sì ti di dandan níbẹ̀ pé kí wọ́n pa á títí tí kò fi ní ju ẹyọ kan lọ nínú 10,000. Bakitéríà yìí yẹ fún iṣẹ́ náà nítorí pé agídí rẹ̀ níwájú ooru tó ti Salmonella, tàbí kí ó jù ú lọ.

Mo dúró tì wọ́n títí wọ́n fi parí. Wọ́n kọ́kọ́ ki wáyà tẹmómítà bọ àárín ẹ̀pà lórí àtẹ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì rí i pé àtẹ ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ni ooru kì í tètè dé. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n kó àwọn àpò àwọ̀n kéékèèké sí, tí ẹ̀pà tí wọ́n ti fi bakitéríà náà sí lára, tí wọ́n sì ti jẹ́ kí ó gbẹ, wà nínú wọn. Wọ́n fi àwọn mìíràn sílẹ̀ láìyan fún ìfiwéra. Bí àkókò ti pé, wọ́n da ẹ̀pà náà sínú omi tútù lójú ẹsẹ̀, kí ooru má baà máa pa kòkòrò lọ lẹ́yìn tí ó ti kúrò nínú ààrò. Èsì fi hàn pé àwọn àtẹ òkè dé ìwọ̀n tí oníbàárà wa fẹ́, èyí tí í ṣe pé kí ẹyọ kan péré yè nínú 100,000, ṣùgbọ́n àtẹ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn kò dé e. A fi kún àkókò ìyan, wọ́n tún un ṣe, ó sì yege.

Ohun àkọ́kọ́ tí n kò fara mọ́ ni pé orúkọ Enterococcus faecium nìkan ni wọ́n kọ sínú ìwé èsì àkọ́kọ́, láìsí nọ́ḿbà tí ó ń fi irú rẹ̀ gan-an hàn, ìyẹn NRRL B-2354. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré, nítorí àwọn mìíràn wà tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ kan náà tí wọ́n ń dá àìsàn sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn, tí ọ̀pọ̀ oògùn kì í sì í ràn. Ti NRRL B-2354 yàtọ̀: ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2014 yẹ àbùdá rẹ̀ wò, kò sì rí ohun tó ń mú àwọn yòókù léwu nínú rẹ̀. Ẹ béèrè nọ́ḿbà yìí kí ẹ tó sanwó. Èkejì ni pé wọn kò wọn omi inú ẹ̀pà náà, bẹ́ẹ̀ bí ẹ̀pà bá ṣe gbẹ tó ni Salmonella orí rẹ̀ ṣe ń le sí i lójú ooru, ẹ̀pà ìgbà ọyẹ́ kò sì rí bí ti ìgbà òjò.

Owó rẹ̀ wọ́n, ẹ̀pà tí wọ́n fi dánwò sì di dídànù, ṣùgbọ́n n kò ka ìyẹn sí àléébù. Àyẹ̀wò yìí kò kan ohun tí ó bá bọ́ sínú ẹ̀pà lẹ́yìn ìyan, láti ọwọ́ òṣìṣẹ́ tàbí ẹ̀rọ ìlọ̀. Kò sì kan aflatoxin, májèlé tí èbu ń ṣe, tí yíyan kì í pa tán. Inú oko ni wọ́n ti ń gbógun ti ìyẹn, bí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tí ó wà nítòsí wa níhìn-ín, ṣe ń fi Aflasafe ṣe é, níbi tí èbu Aspergillus flavus tí kì í mú májèlé jáde ti ń gba àyè mọ́ èyí tó ń mú un jáde lọ́wọ́. Fún aflatoxin, a ṣì ń mú ẹ̀pà lọ fún àyẹ̀wò ọ̀tọ̀ kí a tó rà á.