Okùn bààlù, fóòmù ìyẹ́ àti pánẹ́ẹ̀lì fèrèsé: èyí tó tó owó ẹ̀ nígbà tí ìjì Milton ń bọ̀

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́, torí June 1 ò jìnnà mọ́, ìgbà ìjì máa bẹ̀rẹ̀, ó di November 30 kó tó tán, àwọn tó ń ta nǹkan ìjì sì ti bẹ̀rẹ̀ ariwo wọn. Nǹkan mẹ́ta ni mo náwó lé lórí lọ́dún 2024: kíìtì tí wọ́n fi ń so bààlù mọ́lẹ̀, fóòmù tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ orí ìyẹ́ ẹ̀, àti pánẹ́ẹ̀lì àlùmíníọ̀mù tí mo fi bo fèrèsé ilé. Ẹ̀kẹrin ò sí nínú ètò mi rárá, òun ló wá gbà mí.

Bààlù yẹn, Cessna 172 ni, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ ni ín. Ẹ́ńjìnì kan, ìjókòó mẹ́rin, ẹ má rò pé ti olówó ni o, ó dàgbà ju ọmọ mi àgbà lọ. Ní Lakeland, Florida níbí, là ń gbé e sí, níta gbangba lórí koríko, torí háńgà, ìyẹn ilé tí wọ́n ń gbé bààlù sí, ò wọ́pọ̀, èyí tẹ́ ẹ bá sì rí, owó ẹ̀ á lé yín jáde.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí kíìtì. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ó dáa. Ìdákọ̀ró mẹ́ta ló wà nínú báàgì, ọ̀kan fún ìyẹ́ ọ̀tún, ọ̀kan fún tòsì, ọ̀kan fún ìrù, ìkọ̀ọ̀kan sì ní irin ṣóńṣó mẹ́ta tí wọ́n ń gbá wọlẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀ kó má bàa rọrùn láti fà yọ. Okùn náílọ́nù ló bá a wá, ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn, torí okùn mànílà máa ń sún kì tómi bá ti kàn án, á sì máa fa ìyẹ́ bààlù wálẹ̀, ojoojúmọ́ làwọn àgbà páíláọ̀tì ń pariwo ẹ̀ pé tó bá jẹ́ mànílà, kéèyàn fi àyè bí ínṣì kan sílẹ̀. Òòlù tó wà nínú báàgì nìkan ni mo fẹ́ kí wọ́n wá gbà padà, ìgbà kẹrin tí mo gbá irin ni orí ẹ̀ fò kúrò lára igi, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún mi, mo wò ó títí ó fi balẹ̀.

Gbogbo òjò àrá ọ̀sán tó ń rọ̀ níbí láti June dé September ni kíìtì yẹn gbà mọ́ra. Ọjọ́ kan mo jókòó sínú mọ́tò mo ń wò ó, ìyẹ́ òsì á gbéra díẹ̀, okùn á le gan-in, á ké kìrìkìrì, ìyẹ́ á tún padà sílẹ̀, ọ̀tún á gbà á, bí ẹni ń jó bàtà láìgbé ẹsẹ̀. Kò kúrò níbi tó wà. Fún òjò àrá, mo fún un ní máàkì mẹ́rin ààbọ̀ nínú márùn-ún, ààbọ̀ tó kù ni ti òòlù.

Àmọ́ hurricane, ìyẹn ìjì ńlá tó ń ti orí òkun wá, kì í ṣe ẹgbẹ́ òjò àrá, ibi tí ìpolówó wọn ti ṣe mí nìyẹn, torí wọ́n ya àwòrán ìjì ńlá sára báàgì. Ẹ gbọ́ ìṣirò ẹ̀. Cessna 172 kò nílò ju bíi máìlì ọgọ́ta láàárín wákàtí kan lọ kó tó lè fò, hurricane tó kéré jù, ìyẹn Category 1, máìlì 74 ló ti bẹ̀rẹ̀. Tó túmọ̀ sí pé lórí ìdúró, láìtan ẹ́ńjìnì, láìsí ẹnì kankan nínú ẹ̀, bààlù yẹn ti ń fò, okùn yín nìkan ló ń sọ fún un pé kò tíì ṣe é. Tí afẹ́fẹ́ bá wá di ìlọ́po méjì, agbára ẹ̀ kì í di ìlọ́po méjì o, ìlọ́po mẹ́rin ni. Ó sì tún ku ti ilẹ̀. Ilẹ̀ tó ti mu òjò yó kì í mú irin dání, lẹ́yìn tí ìjì Helene kọjá ní ìparí September, ọwọ́ lásán ni mo fi fa ìdákọ̀ró ìrù, ó yọ bí ẹni fa ẹ̀gẹ́ nígbà òjò. Ní pápá Lakeland yìí kan náà, March 31, 2011, lákòókò ìpàtẹ bààlù Sun 'n Fun, ìjì ọ̀sán kan ṣoṣo wọlé, bààlù púpọ̀ tí wọ́n so mọ́ koríko ló dojú dé, hurricane kọ́ rèé.

Fóòmù ńkọ́? Iṣẹ́ ẹ̀ mọ́gbọ́n wá: ó gùn gbọọrọ bí ọ̀pá, wọ́n á tò ó sórí ìyẹ́ láti ìdí dé ṣóńṣó, súnmọ́ iwájú díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ tó ń ṣàn lórí ìyẹ́ lè dàrú, kó má ráyè gbé e sókè. Èyí tí mo rà, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, oòrùn Florida sì sọ gọ́ọ̀mù náà di oyin. Mẹ́ta ti ṣubú kí ìjì kankan tó dé, èyí tí kò ṣubú kọ̀ láti kúrò mọ́, ó ń bọ́ ọ̀dà. Máàkì kan ààbọ̀. Aládùúgbò wa kan fi bẹ́líìtì so pákó gígùn mọ́ ìyẹ́ tiẹ̀, ó fi kápẹ́ẹ̀tì àlòkù tẹ́ ẹ nísàlẹ̀, kò ná an ju owó oúnjẹ ọ̀sán lọ, ó sì dáa ju tèmi lọ jàre.

Wàyí o. Saturday, October 5, ni Milton di ìjì tó lórúkọ ní Gulf of Mexico, nígbà tó fi máa di Monday ó ti di Category 5, èyí tó le jù. Mo ti sanwó ìpamọ́ sílẹ̀ láti April fún ilé iṣẹ́ háńgà kan nítòsí (mi ò ní dárúkọ wọn), àdéhùn wa ni pé ìjì èyíkéyìí tó bá ń bọ̀, bààlù wa máa ráyè wọlé. Sunday mo pè, wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀. Ọ̀sán Sunday kan náà wọ́n pè padà, "ẹ má bínú sà, ibẹ̀ ti kún." Jẹ́ẹ̀tì olówó kan ló gba àyè wa, mo fojú ara mi rí i. Inú bí mi débi tí mi ò lè bú wọn.

Ọ̀rẹ́ mi ló ní ká má so ó rárá, ká gbé e sá. Ó tẹ fóònù káàkiri títí ó fi rí pápá kékeré kan ní Alabama, obìnrin àgbà kan ló gbé fóònù, ó ní "ẹ máa gbé e bọ̀." Monday ó dúró de àlàfo òjò, ó gbéra, bíi wákàtí méjì ààbọ̀ ló lò. Wọ́n tì í sínú háńgà, wọ́n fi páálí sábẹ́ ẹ́ńjìnì torí ó ń jò, wọ́n ya fọ́tò ránṣẹ́ sí mi láìjẹ́ pé mo béèrè. Ogójì dọ́là lálẹ́ kan. Máàkì márùn-ún, mi ò bá wọn dúnàá dúrà. Ìnṣúráǹsì wa sì dá díẹ̀ padà nínú owó epo àti háńgà, torí ó wà nínú ìwé wọn. Ẹ lọ ka tiyín nísinsìnyí, àwọn kan á ní ó dìgbà tí wọ́n bá kéde watch, ìkìlọ̀ pé ìjì lè dé, ìyẹn bíi wákàtí 48 kí afẹ́fẹ́ líle tó dé, àwọn mìíràn ò ní san nǹkan kan.

Èmi dúró ti ilé. Pánẹ́ẹ̀lì yẹn gan-an lágbára, ẹni tó wá kọ́kọ́ fi wọ́n sí ni kò lágbára. Ṣọ́ọ̀kì ló fi kọ nọ́ńbà sára wọn! Nígbà tá a máa gbé wọn jáde ní Tuesday, gbogbo ẹ̀ ti pa rẹ́, pánẹ́ẹ̀lì mẹ́tàlélógún, ìkọ̀ọ̀kan fi díẹ̀ gùn ju èkejì lọ, èmi àti ìyàwó mi ń gbé wọn láti fèrèsé dé fèrèsé bí ẹni ń wọn aṣọ fún ọmọ tí kò dúró jẹ́ẹ́. Nọ́ọ̀tì elétí tó fi há wọn, irin lásán ni, ó ti dípẹtà, àtàǹpàkò mi wú. Iṣẹ́ tí ẹni yẹn sọ pé wákàtí méjì ni, mẹ́fà ló gbà. Mo ti pààrọ̀ gbogbo nọ́ọ̀tì yẹn sí stainless, irin tí kì í tètè dípẹtà, mo sì fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà. Pánẹ́ẹ̀lì: mẹ́rin ààbọ̀. Ẹni tó fi wọ́n sí: ẹ jẹ́ á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń lẹ téèpù mọ́ gíláàsì ní àmì X, ẹ dákun, kò ṣe nǹkan kan, gíláàsì á kàn fọ́ sí ègé ńláńlá ni. Ilẹ̀kùn gáréèjì ni kẹ́ ẹ wò. Òun ló fẹ̀ jù nínú ilé, tó bá wọlé, afẹ́fẹ́ á bá a wọlé, á máa ti òrùlé látinú. Lẹ́yìn tí ìjì Andrew pa ìlú Homestead run ní 1992 ni wọ́n tó jókòó ti òfin ilé kíkọ́ dáadáa níbí, ilé wa sì ti wà ṣáájú ìyẹn, nítorí náà mo ra ọ̀pá irin méjì láti fi gbá ilẹ̀kùn náà mú. Kò sí ìtàn níbẹ̀, ó ṣiṣẹ́.

Alẹ́ Wednesday, October 9, ló wọlé ní Siesta Key, ó ti rọ̀ sí Category 3. Ó ṣí òrùlé pápá ìṣeré Tropicana Field ní St. Petersburg, iná lọ lọ́dọ̀ oníbàárà tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta. Tiwa lọ fọ́jọ́ mẹ́rin, mo gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sílé bíi ẹsẹ̀ bàtà ogún, mi ò jẹ́ kó wọ gáréèjì pẹ̀lú gbogbo òjò yẹn, èéfín ẹ̀ kì í kan ilẹ̀kùn kó tó pààyàn. Ẹ̀ka igi oak kan lu pánẹ́ẹ̀lì yàrá wa, ó tẹ̀ wọnú bí abọ́, gíláàsì ẹ̀yìn ẹ̀ ò sán.

Friday mo lọ sí pápá. Bààlù kan tó fi irú kíìtì tèmi gan-an so wà nídojú dé, táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjú sí ọ̀run. Okùn ò já o. Kókó tí ẹni tó ni bààlù náà ta sì wà níbẹ̀ bó ṣe ta á. Ìdákọ̀ró ló bá bààlù lọ, erùpẹ̀ tútù ṣì wà lára irin ṣóńṣó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ilé iṣẹ́ háńgà yẹn kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí n tètè wá san owó ìpamọ́ tọdún yìí kí àyè tó tán. Mi ò tíì fèsì. Mo ti pe màmá Alabama, wọ́n ní ẹ́ńjìnì yẹn ṣì ń jò ni àbí mo ti tún un ṣe.