Ẹ̀rọ Lésà Tí Ń Wọn Jíjìnnà Ẹran: Ohun Tí Mo Rí Lẹ́yìn Ọdún Mẹ́ta Lórí Igi

Ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà ni mò ń gbé, ibẹ̀ náà ni mo ti ń fi ọrun oníkẹ̀kẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní compound bow, ṣọdẹ àgbọ̀nrín. Ọmọ ọdẹ ni mí. Bàbá mi máa ń gun ẹ̀gùn lóru nínú igbó ẹ̀yìn Ṣakí, nítorí náà ìjókòó orí igi kò ṣàjèjì sí mi. Ṣùgbọ́n ìbọn ni bàbá mi ń lò, ọ̀rọ̀ ọfà sì yàtọ̀ pátápátá, nítorí pé bí èèyàn bá fi yáàdì márùn-ún péré ṣi jíjìnnà ẹran wò, ọfà lè gba òkè ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ìdí nìyí tí mo fi ra rangefinder kan ní nǹkan bí 200 dọ́là, lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn.

Ẹ̀rọ yìí ń rán ìmọ́lẹ̀ lésà lọ bá ẹran tàbí igi, ó ń ka àkókò tí ìmọ́lẹ̀ náà fi padà, ó sì ń fi iye yáàdì hàn. Ohun tí àwọn tó ń tà á ń pariwo jù ni pé ó tún ń ṣírò bí a ṣe dorí rẹ̀ kọ ìsàlẹ̀ tó. Ìṣirò náà ní ìdí, torí pé bí ọfà yóò ṣe já wálẹ̀ tó wà lọ́wọ́ jíjìnnà ìdí igi sí ẹran lórí ilẹ̀, kì í ṣe lọ́wọ́ ọ̀nà tààrà láti ojú wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Mo gun igi dé ẹsẹ̀ bàtà 20, èyí tó súnmọ́ yáàdì 7, mo sì ti fi okùn wọn yáàdì 20 láti ìdí igi náà. Ẹ̀rọ kà 21 ní tààrà, ó ṣírò, ó dá 20 padà. Yáàdì kan ṣoṣo ni gbogbo ariwo náà. Ní yáàdì 30, ìyàtọ̀ ọ̀hún kò tilẹ̀ pé yáàdì kan.

Nínú ọdún àkọ́kọ́ tí mo rà á, abo àgbọ̀nrín kan dúró ní ìfẹ̀gbẹ́ sí mi ní yáàdì 18. Mo wọ̀n ọ́n, mo gba ẹ̀rọ gbọ́, mo ta á, ọfà sì gba òkè ẹ̀yìn rẹ̀ lọ gúnlẹ̀. Ó dùn mí gan-an. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń dá ẹ̀rọ lẹ́bi, kí n tó gbé ìjókòó mi sórí igi kan lóko ọ̀rẹ́ mi, tí a gbé ère àgbọ̀nrín sísàlẹ̀, tí ọ̀rẹ́ mi sì ń fi fóònù ya fídíò mi láti ẹ̀gbẹ́. Inú fídíò yẹn ni mo ti rí i pé apá tó di ọrun mú nìkan ni mo ń rẹ̀ sílẹ̀, ìbàdí mi dúró gbagidi. Bí apá bá lọ sílẹ̀ tí ara òkè kò bá a lọ, ọwọ́ tó fa ọsán kì í dé ibi tó máa ń fara ti ẹ̀rẹ̀kẹ́, ojú kì í sì í gba àárín ihò kékeré ara ọsán wo píìnì (abẹ́rẹ́ kékeré ara ọrun tí a fi ń fojú sun ẹran) mọ́. Nísinsìnyí mo máa ń kọ́kọ́ fa ọsán bí ẹni tó dúró lórí ilẹ̀ títẹ́jú, lẹ́yìn náà ni mo máa ń tẹ̀ láti ìbàdí títí píìnì yóò fi bá ẹran. Okùn ìdáàbòbò tí mo so mọ́ igi kí ẹsẹ̀ mi tó kúrò nílẹ̀ ló ń jẹ́ kí n lè tẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìfòyà. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó lè báni tẹ ìbàdí.

Níbo wá ni owó mi ti lérè? Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, mo máa ń wọn igi mẹ́rin tàbí márùn-ún yí mi ká, kì í ṣe ìdí wọn, bí kò ṣe ibi tó ṣe déédéé pẹ̀lú ojú mi lára igi náà. Jíjìnnà tí mo bá rí nípa bẹ́ẹ̀ kò nílò ìṣirò kankan. Bí ẹran bá wá gba ẹ̀gbẹ́ igi yáàdì 22 kọjá, ọrun nìkan ni ọwọ́ mi máa gbé, torí pé gbígbé ẹ̀rọ sójú nígbà tí ẹran ti súnmọ́ tòsí ti lé ju ẹran kan lọ fún mi. Ní àwọn òkè àríwá Georgia, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́, ìṣirò náà wúlò ní tòótọ́: ẹran tó wà ní yáàdì 30 ní tààrà, tí ó sì rẹlẹ̀ ní ìwọ̀n dígírì 30, bíi yáàdì 26 ni ká ta á.

Ohun kan tún wà tí ẹ̀rọ kò lè kà. Ìró ń rìn nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ọfà mi kò sì ju 270 lọ. Àgbọ̀nrín á gbọ́ ìró ọsán, á sì tẹ orúnkún láti fò kí ọfà tó dé, nítorí náà n kì í ta kọjá yáàdì 25, bó ti wù kí ẹ̀rọ dá mi lójú tó.

Àléébù tó ká mi lára jù ni ti ìrọ̀lẹ́. Òfin gbà wá láyè láti ta ẹran títí di ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, àkókò yẹn gan-an sì ni ẹran máa ń jáde, ṣùgbọ́n nọ́ńbà dúdú ni ẹ̀rọ mi ń kọ, kò sì ṣeé rí mọ́ nínú òkùnkùn igi. Bí mo bá fẹ́ ra òmíràn, èyí tó ń kọ nọ́ńbà pupa ni mo máa san owó kún.