Bátìrì Kejì tàbí Alternator Tó Lágbára: Èwo Ló Yẹ Amplifáyà Inú Ọkọ̀?

Ẹni tó fẹ́ fi amplifáyà (ẹ̀rọ tó ń mú ohùn orin lágbára) 1,000 watt sínú ọkọ̀ rẹ̀ sábà máa ń rò pé bátìrì kejì ni yóò yanjú ọ̀rọ̀ iná. Ó yẹ kí a yẹ èrò náà wò dáadáa, nítorí bátìrì kì í dá iná ṣe. Èyí tí a bá fún un ló ń tọ́jú. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, alternator, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnì ń yí láti fi ṣe iná, ló ń pèsè gbogbo iná tí ọkọ̀ ń lò ní nǹkan bíi volt 14, bí kò bá sì lágbára tó, bátìrì méjèèjì ni yóò jọ máa rọ, tí iná iwájú ọkọ̀ yóò sì máa ṣẹ́jú bí ìlù bá ṣe ń dún.

Bí amplifáyà yìí bá ń sọ ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún iná tó gbà di ohùn, ó lè fa nǹkan bí ampere 90 (ampere ni ìwọ̀n iná tó ń ṣàn) nígbà tí ohùn bá lọ sókè pátápátá, bẹ́ẹ̀ alternator ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké kò ju ampere 80 sí 100 lọ. Nítorí náà, alternator tó lágbára ni mo fara mọ́ fún ẹni tó ń gbọ́ orin lójú ọ̀nà, bó tilẹ̀ wọ́n. Bátìrì kejì wúlò fún ẹni tó ń lo ẹ̀rọ níbi tí ọkọ̀ dúró sí, láìtan ẹ́ńjìnì.

Èyíkéyìí tí a bá yàn, kí oníṣẹ́ rìwáyà kọ́kọ́ fi wáyà tó nípọn pààrọ̀ èyí tó so alternator mọ́ bátìrì, kí ó sì fi fíúsì sí ẹ̀gbẹ́ bátìrì gan-an, nítorí wáyà tí kò ní fíúsì lè dáná sun ọkọ̀.