Ẹ̀rọ inú táńkì W.C. oníbọ́tìnì méjì tí mo rà ní Òrílé

Nílé tó bá ń lo kànga-dẹ̀rọ, owó iná ló máa ń tú àṣírí W.C. tó ń jò. Omi á máa yọ́ wọ inú àwo ní jẹ́jẹ́ lóru, táńkì W.C. á máa fa omiíràn látinú táńkì ńlá tó wà lókè, kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ ó tún tan pọ́ǹpù. Yúníìtì tó yẹ kó gbé yín dópin oṣù á ti wọlẹ̀ nígbà tí oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àárín. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn nílé bàbá wa ní Ìkòròdú, tí mo ń bá àwọn àbúrò mi bójú tó.

Pùlọ́ńbà tí a kọ́kọ́ pè ní ká pààrọ̀ gbogbo ẹ̀, àtàwo àti táńkì. Inú bí mi gidigidi. Àwo ò là, táńkì ò sán, ọkùnrin náà ò sì ṣí ìdérí wo inú. Èèyàn ń wá owó iná, ẹ ní kó lọ ra W.C. tuntun!

Ẹ ṣí ìdérí táńkì fúnra yín kẹ́ ẹ tó náwó. Páìpù kan wà láàárín tó dúró ṣánṣán; bí omi bá ń kún bò ó lórí, tó ń gba inú ẹ̀ ṣàn lọ sínú àwo, ẹ̀rọ tó ń gbomi wọlé ni kò pa. Ó yẹ kí omi dúró ní nǹkan bí íńṣì kan nísàlẹ̀ ẹnu páìpù yẹn. Bí omi ò bá dé ẹnu páìpù náà, ẹ po búlúù tí a fi ń fọ aṣọ funfun, ẹ dà á sínú táńkì, kẹ́nikẹ́ni má fúlọ́ọ̀ṣì fún ìdajì wákàtí. Tí omi inú àwo bá yí padà di búlúù, rọ́bà ìsàlẹ̀ ni kò dí ojú ihò mọ́. Bó bá wá jẹ́ pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni omi ń wà, tíṣù gbígbẹ ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ fi kan angle valve, ìyẹn ẹnu ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń pa omi, tó wà lára ògiri, ẹ fi kan ìdí connector, ìyẹn páìpù rírọ̀ tó ń gbé omi láti ibẹ̀ wọ táńkì, kẹ́ ẹ wá fi kan bóòtù méjèèjì tó de táńkì mọ́ àwo. Ibi tí tíṣù bá ti rin, ibẹ̀ ló ń jò.

Ti Ìyá Ìbejì tó ń gbé nísàlẹ̀ ò ná wa ní kọ́bọ̀. Omi kànga wa ní irin nínú, ó ti da ẹ̀gbin pupa yíyọ̀ bo rọ́bà. A yọ ọ́, a fi kànǹkàn rírọ̀ fọ̀ ọ́, a dá a padà, ó dí pinpin. Ti òkè ló ti kọjá fífọ̀. Mo fi èékánná tẹ rọ́bà ẹ̀, ńṣe ló fọ́. Wọ́n máa ń da bílíìṣì sínú táńkì kó lè máa ta sánsán, bílíìṣì sì máa ń jẹ rọ́bà. Inú àwo ni kẹ́ ẹ máa dà á sí, ẹ jọ̀ọ́.

Mo gbé ògbólógbòó ẹ̀rọ inú táńkì náà dání lọ sọ́jà ohun ìkọ́lé tó wà ní Coker, l'Órílé. Ọmọkùnrin tó ń tajà gbé oríṣi méjì síwájú mi. "Mọ́mì, ₦4,500 lèyí, ₦11,000 lèyí. Ẹ gbé e wò lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó sanwó." Ó gbà mí láyè kí n yẹ̀ ẹ́ wò débi tó tẹ́ mi lọ́rùn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Rọ́bà ti ₦4,500 le. Mo tẹ̀ ẹ́, ibi tí mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ò padà sípò. Ti ₦11,000 rọ̀, ó funfun díẹ̀, bí mo ṣe gbọ́wọ́ kúrò ló padà sípò. Ibi tí connector ti ń wọ̀ ọ́ náà jẹ́ idẹ, kì í ṣe ike. Nítorí idẹ yẹn nìkan, màá rà á, torí àwọn tó ń fi sípánà dè é kì í mọ ìgbà tó tó, ike sì máa ń ya.

Ti ₦11,000 tí mo rà yìí ò ní bọ́ọ̀lù onírin gbọọrọ tó máa ń há sára ògiri táńkì. Ìkòkò kékeré kan ló ń gun ara ẹ̀rọ náà lókè-nísàlẹ̀, ọ̀pá tín-ín-rín kan lẹ ó sì máa yí láti sọ ibi tí omi máa dúró. Bọ́tìnì kékeré ń da nǹkan bí lítà 3, ńlá ń da 6. Ẹ̀rọ wa àtijọ́ ń da 9 ní gbogbo ìgbà, ìbáà ṣe ìtọ̀ lásán. Láti ìgbà tí àbúrò mi ọkùnrin ti bá mi so ó, òru dákẹ́, pọ́ǹpù sì ti sinmi díẹ̀.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn wà níbẹ̀ o. Rọ́bà gbàgìdì tó ń wà láàárín táńkì àti àwo ò sí nínú páálí, ẹ sì gbọ́dọ̀ ní tuntun tẹ́ ẹ bá máa tú táńkì sílẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni mo ra tèmi. Páìpù àárín ga ju táńkì wa lọ, ayùn irin la fi gé e. Asẹ́ kékeré kan tún wà lẹ́nu ibi tí omi ń gbà wọlé, iyanrìn kànga máa ń dí i. Bẹ́ ẹ bá rí i pé táńkì ń pẹ́ kó tó kún, ẹ pa angle valve, ẹ yọ asẹ́, ẹ ṣàn án.

Bí táńkì yín bá sì jẹ́ èyí tó ní ọwọ́ tí wọ́n ń tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má ra irú eléyìí, ìdérí ẹ̀ ò ní ihò bọ́tìnì. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ọlọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì tẹ rọ́bà tiẹ̀ náà wò.