Ìkìlọ̀: ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń ta Revox B77 "tí a tún ṣe látòkèdélẹ̀"

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ẹ̀rọ téèpù oníríìlì, ẹ dákun, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó. Ẹnìkan ń ta Revox B77, ọ̀kan nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní òun ti tú u palẹ̀, òun sì ti tún un tò. Irọ́ ni. Mo ra ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń dán, bọ́tìnì rẹ̀ mọ́ tónítóní, àmọ́ kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan inú rẹ̀.

Fídíò ló fi ń mú èèyàn. Ẹ óò rí i tí ríìlì ń yí, tí abẹ́rẹ́ mítà ń jó, tí orin ń dún ketekete. Ẹ wo bọ́tìnì monitor, èyí tó ń yan ohun tí ẹ ń gbọ́, dáadáa: INPUT ló wà. Orin tó ń wọlé láti ibòmíràn ló ń gba inú ẹ̀rọ kọjá tààrà. Téèpù kàn ń yí lásán ni, ẹ ò tíì gbọ́ ohun kan látorí rẹ̀. Ẹ ní kó yí i sí TAPE lójú yín. Ẹ ní kó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, kó dárúkọ yín àti ọjọ́ òní, kó sì jẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ padà, ní sẹ̀ǹtímítà 9.5 àti 19 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, láìgé fídíò náà. Bó bá ń wá àwáwí, gbàjúẹ̀ ni.

Ẹ tún béèrè fọ́tò hẹ́ẹ̀dì, ibi tí téèpù ti ń fara kan ẹ̀rọ kí ohùn tó jáde, láti ìtòsí. Tèmi ti jẹ débi pé ojú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, èékánná sì ń kọ́ létí rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní àwọn tó gbé ẹrù ló gbọ̀n ọ́n jù. Gbígbọ̀n kì í jẹ hẹ́ẹ̀dì! Téèpù tó ti ń fi ara ra á fún ọ̀pọ̀ ọdún ló jẹ ẹ́.

Èyí tó bí mi nínú jù ni ti iná. Ọdún 1977 ni B77 jáde, capacitor RIFA (ẹ̀yà kékeré kan tó ń dín ariwo iná mànàmáná kù) tó wà lẹ́nu iná rẹ̀ sì jẹ́ ohun tí gbogbo ẹni tó ń tún un ṣe mọ̀: awọ rẹ̀ máa ń sán, ọ̀rinrin á wọ̀ ọ́, lọ́jọ́ kan á bú, èéfín burúkú á sì gba ilé. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń ta tuntun. Nínú èyí tó tà fún mi, àwọn ti àtijọ́ náà ló ṣì wà níbẹ̀, wọ́n sì ti sán.

Ó ti ti ojú ìwé tó fi tajà fún mi pa, ó sì ti padà wá pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Fọ́tò ẹ̀rọ tó wà nílé mi ló ṣì ń lò. Ohun tí mo fi dá a mọ̀ ni ibi tó ti ha lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà tó ń ka téèpù.

Bó bá ti fi tiyín ránṣẹ́, ẹ má tan ẹ̀rọ náà. Ẹ ya fídíò bí ẹ ṣe ń tú u nínú páálí, kí ẹ sì fẹjọ́ sùn níbi tí ẹ gbà sanwó kó tó pẹ́ jù. Bí ẹ bá pinnu láti fi í sílẹ̀ sọ́dọ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ yọ àwọn RIFA yẹn kó tó kan iná rárá.