Bọ́ọ̀dù tó sọ síkírìnì láptọ́ọ̀pù di tẹlifíṣọ̀n, àti ọ̀gá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó o mọ́ mi lójú

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì tàn án."

Ọmọ iṣẹ́ ló sọ bẹ́ẹ̀, ọmọdé tí irùngbọ̀n ò tíì hù lágbọ̀n rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ti mú ẹnu wáyà iná dání, ó kù díẹ̀ kó tì í bọ inú bọ́ọ̀dù. Ó bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Ṣé ìwọ lo kọ́ mi níṣẹ́ ni?" Ọmọ náà ò fèsì. Ó kàn na ìka sí ike dúdú kékeré kan lára bọ́ọ̀dù. Orí iná 12V (fólítì méjìlá) ni ike náà wà. Síkírìnì tèmi, 3.3V ló ń jẹ.

Aláró ni mí, àdìrẹ ni mò ń ṣe tí mo ń tà l'Óṣogbo níbí. Láptọ́ọ̀pù ọmọ mi àgbà ni òjò jò lé lórí lọ́dún tó kọjá. Inú rẹ̀ bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, àmọ́ ojú rẹ̀ ò ní àbùkù kankan. Mo wá gbọ́ pé bọ́ọ̀dù kan wà tí wọ́n ń so mọ́ irú síkírìnì bẹ́ẹ̀ tí yóò fi di tẹlifíṣọ̀n: ó ní ojú HDMI (ti wáyà tó ń gbé àwòrán àti ohùn wọlé), ojú eriali, ojú fíláàṣì. Ti fíláàṣì ló wọ̀ mí lójú. Bí oníbàárà bá béèrè iṣẹ́ tí kò sí nílẹ̀, àdìrẹ ẹlẹ́kọ tàbí oníko, fóònù mi ni mo máa ń nà sí i, á sì máa fi ìka yí i títí á fi dé orí fọ́tò ìgbéyàwó àbúrò mi. Ó sú mi. Mo sì fẹ́ kí ó ti ṣe tán kí ọdún Ọ̀ṣun tó wọlé lóṣù Kẹjọ, torí ìgbà yẹn ni àlejò máa ń pọ̀.

Ẹ̀gbẹ́ títì ní Alékúwodò l'Óṣogbo níbí ni ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ra bọ́ọ̀dù náà wà, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọ̀gá ka nọ́ńbà ẹ̀yìn síkírìnì, B156XW02, ó ní ₦32,000 ni bọ́ọ̀dù, wáyà rẹ̀ àti rìmóòtù. Ó tún ní kí n fi ₦6,000 ra inverter. Kì í ṣe inverter ilé o. Bọ́ọ̀dù tín-ín-rín kan ni, tó ń gbé iná sókè fún ọ̀pá iná tó wà nínú síkírìnì ayé àtijọ́. Ọwọ́ mi ti wà nínú pọ́ọ̀sì nígbà tí mo rí ọmọ iṣẹ́ yìí lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀ tó ń mi orí. Mo ní mò ń bọ̀. Ilé ni mo ti wá mọ̀ pé LED, àwọn iná wínníwínní, ló ń tan tèmi, kò ní ọ̀pá iná kankan nínú, kò sì fi inverter yẹn ṣe nǹkan kan. Nígbà tí mo padà débẹ̀ tí mo sọ ọ́, ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ẹ ti di ẹnjiníà!" Ó yọ ₦6,000 kúrò láìjà. Pé kò tiẹ̀ jà, ìyẹn ló dùn mí jù.

Ike dúdú tí mo ń wí yẹn, jumper ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń pinnu iná tí bọ́ọ̀dù yóò fi ránṣẹ́ sí síkírìnì: 3.3V, 5V tàbí 12V. Bí 12V bá wọ síkírìnì láptọ́ọ̀pù, ó parí nìyẹn. Ẹni tó ń so ó ló yẹ kó wò ó, torí ẹni tó ṣe bọ́ọ̀dù ò mọ síkírìnì tí a fẹ́ fi í sí. Ọ̀gá ò wò ó. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ló ń bá ẹnìkan sọ, ó fi èjìká há fóònù mọ́ etí. Nígbà tó rí i, ó yọ ike náà, ó kì í bọ orí 3.3V, ó ní kí ọmọ náà lọ ra píọ̀ wọ́tà wá. Kò sọ "ẹ má bínú" fún èmi, kò sọ "o ṣeun" fún ọmọ.

A tàn án. Àwòrán jáde, ó pín sí méjì. Ọ̀gá ní, "Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, ó máa mọ́ra," ó sì jáde lọ jẹun. Mo ti fẹ́ sunkún. Ọmọ yẹn bá mú fíláàṣì, ó wá fáìlì ètò bọ́ọ̀dù tó bá 1366x768, ìwọ̀n àwòrán síkírìnì mi, mu, ó kì í bọ bọ́ọ̀dù. Iná kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, àwa méjèèjì dákẹ́, à ń wò ó bí ẹni ń wo ìkòkò aró tí kò tíì dá. Ìgbà tó tún tàn, fọ́tò aṣọ mi yọ, aró dúdú minimini, gbogbo ilà ẹyẹ inú rẹ̀ hàn. Mo pariwo, "Òṣogbo ìlú aró!" Àwọn tó ń ta káàdì níta yọjú.

Ọ̀gá dé, ó gba ₦7,000 owó iṣẹ́. Mo ki ₦2,000 bọ ọmọ náà lápò níta.

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Káfíńtà bá mi fi pákó ṣe férémù sí i. Bí iná bá lọ, bátìrì sólà 12V ni mo ń so bọ́ọ̀dù mọ́, kò sí ariwo jẹnẹrétọ̀. Ọmọ náà kìlọ̀ pé kí n má so ó mọ́ bátìrì tààrà nígbà tí oòrùn bá ń fi agbára sínú bátìrì, torí iná bátìrì lè gun 14V. Sípíkà inú láptọ́ọ̀pù náà la fi sí i, ó ń dún bí ẹ̀fọn, àmọ́ fọ́tò ni mo rà á fún. Lọ́jọ́ Sátidé, obìnrin kan dúró wò ó, ó ra oníko mẹ́ta, kò sì fọwọ́ kan fóònù mi.

Rìmóòtù ló ń yọ mí lẹ́nu. Ojú tó ń gbọ́ ọ kàn rọ̀ lára wáyà bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já, bí ẹ ò bá sún mọ́ ọn kẹ́ ẹ na rìmóòtù sí i gan-an, kò ní dáhùn.

Mi ò tún ní wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn, àfi bí ọmọ yẹn bá gba fìrídọ̀mù tó ṣí tirẹ̀.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Rìmóòtù ló jẹ ọ̀kan.