Èdè Wo Lọ́mọ Ń Gbọ́ Jù: Ká Bi Ìyá, Àbí Ká Gbohùn Sílẹ̀?

Ní Ìlọrin, ọmọ ọdún mẹ́ta lè jí sínú Yorùbá ìyá rẹ̀, kó gbọ́ Haúsá lẹ́nu ẹlẹ́ran, kó ka álífù ní ilé-kéwú, kí tíṣà sì fi Gẹ̀ẹ́sì kí i. Báwo la ṣe máa mọ ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan?

A lè bi òbí: ta ló ń wà lọ́dọ̀ ọmọ, fún wákàtí mélòó, èdè wo ló ń sọ sí i? Kò náni lówó púpọ̀, ó sì ń sọ ìtàn oṣù tó ti kọjá. Àmọ́ ẹnu ń yára ju etí lọ. Ìyá kan ní àdúgbò Gàm̀bàrí, ní Ìlọrin, sọ fún mi pé Yorùbá nìkan làwọn ń sọ nílé. Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tó fi yíjú sọ́mọ: "Zo nan!" (Wá síbí!) Kò tilẹ̀ fura pé Haúsá lòun sọ.

Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kì í gbàgbé. Ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ LENA, tí wọ́n ń fi sápò ẹ̀wù ọmọ, lè gba ohùn wákàtí 16, kó sì fojú bu iye ọ̀rọ̀ tí àgbà sọ nítòsí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò mọ Yorùbá yàtọ̀ sí Haúsá. Èèyàn tó gbọ́ méjèèjì ló gbọ́dọ̀ jókòó tẹ́tí. Ẹ̀rọ náà tún ń gba ọ̀rọ̀ àlejò tí kò fọwọ́ sí i.

Ní tèmi, màá kọ́kọ́ bi ìyá, màá bi ìyá àgbà náà, torí òun ló ń pọn ọmọ nígbà tí ìyá bá wà lọ́jà. Lẹ́yìn náà ni màá gbohùn ọjọ́ méjì sílẹ̀: ọjọ́ iléèwé kan, Sátidé kan.